Fífọ ojú búlọ́ọ̀kù àti ojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà nílé: kí lẹ fi ń fá gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò?

Ọmọ_Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ni mò ń tún ṣe fúnra mi nílé. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní. Irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀ (ara ẹ́ńjìnnì tí sìlíńdà wà nínú rẹ̀), alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù (èyí tó bo sìlíńdà lókè). Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àlàfo láàárín àwọn méjèèjì, ló jó láàárín sìlíńdà kejì àti ìkẹta. Mo ti tú tọ́ọ̀pù kúrò, ó wà lórí tábìlì, àmọ́ búlọ́ọ̀kù ṣì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú kíráńkì (ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) àti písítìnì rẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ jẹ́ irú èyí tó dà bíi páálí, ó sì ti lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ojú méjèèjì. Tuntun tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ onírin, ìpele mẹ́ta. Ẹnì kan ní kí n so dísíìkì onírun mọ́ dírìlì, pé kíá ni gbogbo rẹ̀ máa bọ́. Ṣé dísíìkì yẹn dáa? Ṣé mo lè fi ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ààrò mú kó rọ̀? Báwo ni màá sì ṣe mọ̀ pé ojú irin ti mọ́ tó? Mo fẹ́ kí n dé e lẹ́ẹ̀kan, kó sì dúró.

Bàbá_Spánà

Àbúrò, jọ̀ọ́, gbé dírìlì yẹn sílẹ̀ ná. Mi ò sọ pé dísíìkì yẹn ò ní fọ̀ ọ́ mọ́ o. Á fọ̀ ọ́ débi pé á máa dán. Ibi tí ojú rẹ ò tó ló ti máa ṣe iṣẹ́ ibi.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn dísíìkì onírun àti àwọn tó dà bíi kànrìnkàn líle yẹn ló ní eruku aluminium oxide nínú. Lórí ìwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le sí, 9 ni eruku yìí, dáyámọ́ńdì sì jẹ́ 10. Bí dísíìkì ṣe ń yí ló ń jẹ, ohun tó ń jẹ kúrò lára rẹ̀ á sì máa fò wọ inú ihò ọ́ìlì, inú ihò omi àti ẹ̀gbẹ́ písítìnì. Búlọ́ọ̀kù tìrẹ sì ṣì ní kíráńkì nínú. Àlàfo tí ọ́ìlì wà láàárín béárìn (ibi tí kíráńkì jókòó sí tó ti ń yí) àti kíráńkì nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kéékèèké ò ju nǹkan bíi 0.02 sí 0.06 mílímítà lọ. Irun orí èèyàn sábà máa ń nípọn ju ìyẹn. Béárìn rọ̀ ju kíráńkì lọ, nítorí náà eruku yẹn á rì sínú béárìn, á dúró síbẹ̀, á sì máa họ kíráńkì ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí.

Àwọn kan á ní ọ́ìlì fílítà á mú un. Ẹ gbọ́ o: ihò tó ń gbé ọ́ìlì láti búlọ́ọ̀kù lọ sókè sí tọ́ọ̀pù, ọ́ìlì inú rẹ̀ ti kọjá fílítà. Ohun tó bá já sínú ihò yẹn ò ní rí fílítà kankan kó tó kan béárìn.

General Motors kọ ìwé sí àwọn mẹkáníìkì ilé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, nọ́ńbà ìwé náà ni 00-06-01-012. Ó kìlọ̀ fún wọn nípa dísíìkì wọ̀nyí, ó ní abẹ fẹ́lẹ́ tàbí ohun ìfá oníke ni kí wọ́n lò. Ohun kan wà nínú ìwé yẹn tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn: àwọ̀ tí gásíkẹ́ẹ̀tì fi sílẹ̀ lára irin kì í ṣe ìdọ̀tí. Ojú irin lè dúdú, ó lè ní àmì gásíkẹ́ẹ̀tì lára ní àwọ̀ búráùn, kó sì ti mọ́ pátápátá. Ọwọ́ ni kó o fi mọ̀ ọ́n. Bí èékánná bá kọjá lórí rẹ̀ láìkọ́ nǹkan kan, ó ti mọ́. Àwọn tó ń lépa dídán ló ń ba ojú irin jẹ́.

Atọ́jú_Irin

Ọ̀rọ̀ Bàbá_Spánà ló ṣe kókó jù níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe búlọ́ọ̀kù tó ṣì wà nínú ọkọ̀.

Ohun àkọ́kọ́, fi spánà yí kíráńkì títí písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi wà ní ìpele kan náà ní ìdajì sìlíńdà. Nínú ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́rin tó wọ́pọ̀, bí méjì bá wà lókè, méjì á wà nísàlẹ̀. Tó o bá yí i ní ìdá mẹ́rin òbìrí kan láti ibẹ̀, gbogbo wọn á bára dọ́gba. Tó bá jẹ́ oníṣéènì, kí ẹnì kan di ṣéènì náà mú sókè bó o ṣe ń yí i, kó má baà há sí ìdí kíráńkì. Lẹ́yìn náà, fi ìka bu gírísì díẹ̀, fi pa etí písítìnì yí ká, níbi tó ti kan ara sìlíńdà. Gírísì yẹn ló máa di gbogbo ohun tó bá já mú kó má baà sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ríǹgì wà. Ki aṣọ tó mọ́ tí kì í já fọ́nrán sí orí rẹ̀.

Wá dí gbogbo ihò omi àti ihò ọ́ìlì. Bébà ìnuwọ́ tó o ká mọ́ra ṣe é lò, tàbí fóòmù tó o gé. Jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yọrí síta kó o lè rí wọn. Ka iye tó o fi dí i, kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì tún un kà nígbà tó o bá ń yọ wọ́n. Bébà kan ṣoṣo tó bá kù sínú ihò ọ́ìlì ti tó láti ba iṣẹ́ gbogbo jẹ́.

Èyí tó kàn ni kó o mú gásíkẹ́ẹ̀tì náà rọ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n ṣe fún yíyọ gásíkẹ́ẹ̀tì wà, ó dà bíi èyí tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà. Fọ́n ọn sórí rẹ̀, fi í sílẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo, má sì jẹ́ kó gbẹ. Ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, wọ ìbọ̀wọ́, wọ gíláàsì ìdáàbòbò. Kẹ́míkà yẹn ń jó ara. Má fọ́n ọn sí ojú ihò, má sì jẹ́ kó kan ọ̀dà ara ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni abẹ. Abẹ fẹ́lẹ́ tuntun nínú ọwọ́ ìdìmú rẹ̀. Dùbúlẹ̀ rẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú irin, kó má naró. Tì í síwájú, má fà á sẹ́yìn, má sì fi igun rẹ̀ gbẹ́ nǹkan. Láti etí sìlíńdà ni kó o ti máa tì í síta, kí ìdọ̀tí má baà máa wọlé. Fetí sí i: níbi tí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ṣì wà, abẹ á máa dún hàràhàrà, ọwọ́ rẹ á sì máa gbọ̀n díẹ̀. Níbi tí irin ti jáde, ńṣe ni abẹ á máa yọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Nígbà tó bá ti dún bákan náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, o ti ń parí. Pààrọ̀ abẹ lóòrèkóòrè. Abẹ tó ti kú ló ń mú kéèyàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, títẹ̀ yẹn ló sì ń họ irin.

Má fi kọ́ḿpírẹ́sọ̀ fẹ́ ìdọ̀tí yẹn. Fákúùmù ni kó o fi fà á bó o ṣe ń lọ. Atẹ́gùn á kàn fẹ́ gbogbo rẹ̀ wọ ibi tó o ti ń sá fún.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò: bí ẹ́ńjìnnì náà bá ti pẹ́ gan-an, gásíkẹ́ẹ̀tì onípáálí yẹn lè ní asbestos nínú, ìyẹn fọ́nrán òkúta tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Má fá a ní gbígbẹ, má lo burọ́ọ̀ṣì onírin tó ń yí, má fẹ́ eruku rẹ̀ rárá, má sì lo fákúùmù lásán fún un. Mú kó tutù ní gbogbo ìgbà, fi aṣọ tútù kó o, dì í sínú ọ̀rá kó o tó jù ú nù.

Ọmọ_Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti gbé dírìlì padà sínú àpótí. Ṣé bákan náà ni màá ṣe ti tọ́ọ̀pù? Mo ń bẹ̀rù nítorí alumíníọ̀mù ni.

Màmá_Ẹ́ńjìnnì

Ìbẹ̀rù yẹn dáa, ọmọ mi. Alumíníọ̀mù rọ̀, abẹ tó ò ń tì lórí irin láìbẹ̀rù lè gbẹ́ ojú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun ìfá oníke ni kó o kọ́kọ́ lò. Tí kò bá lọ, kẹ́míkà lẹ́ẹ̀kejì, tún dúró dè é. Abẹ ló gbẹ̀yìn, kó o sì dùbúlẹ̀ rẹ̀ gan-an.

Ìbéèrè rẹ nípa ọṣẹ ààrò ni wọn ò tíì dáhùn, ó sì ṣe pàtàkì. Rárá o! Ọ̀pọ̀ ọṣẹ ààrò ló ní sódà líle tí wọ́n ń pè ní caustic soda. Sódà yìí ń jẹ alumíníọ̀mù ni. Ó ń hó lórí rẹ̀, gáàsì háídírójìn tó ń gbiná ló ń jáde níbẹ̀, ojú irin á sì dúdú, á di játijàti. Irin ò bẹ̀rù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kan fi ní agbada omi gbígbóná oní-sódà fún búlọ́ọ̀kù onírin. Tó o bá gbé tọ́ọ̀pù lọ sí irú ibẹ̀ kí wọ́n bá ọ fọ̀ ọ́, la ẹnu rẹ sọ fún wọn pé alumíníọ̀mù ni, má rò pé wọ́n á mọ̀.

Èyí tí mò ń lò fún ọ̀rá àti èérí ni kẹrosíìnì pẹ̀lú burọ́ọ̀ṣì onírun ike, lẹ́yìn náà ọṣẹ ìfọṣọ àti omi gbígbóná. Má lo pẹtiróòlù. Èéfín rẹ̀ ń rìn lọ bá iná níbi tó ò lérò. Brake cleaner, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ búréèkì, dára fún ìparí, àmọ́ wo ara agolo rẹ̀: tó bá jẹ́ èyí tó ní kiloríìnì, má jẹ́ kó súnmọ́ iná wẹ́dà tàbí irin tó gbóná pọ́n, nítorí gáàsì phosgene tó ń ti ibẹ̀ jáde lè pa èèyàn.

Ti kábọ́ọ̀nù dúdú inú yàrá tí iná ti ń jó ńkọ́? Jẹ́ kí fáàfù wà ní pípadé bó o ṣe ń fọ̀ ọ́, kí ìdọ̀tí má baà kan ìjókòó fáàfù. Burọ́ọ̀ṣì onírun idẹ ni kó o lò níbẹ̀, kì í ṣe ti irin. Fi kẹ́míkà rì í, sùúrù ló máa yọ ọ́. Bó o bá sì ń gbé tọ́ọ̀pù kalẹ̀, má dojú rẹ̀ dé orí tábìlì lásán. Gbé e lé igi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, fáàfù tó ṣí máa ń yọ kọjá ojú tọ́ọ̀pù, ó sì lè tẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́_400

Mo gbà pẹ̀lú gbogbo yín lórí dísíìkì. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo sánpépà olómi nọ́ńbà 400 lórí ojú tọ́ọ̀pù, mi ò sì rí wàhálà. Tọ́ọ̀pù tí wọ́n ti tú gbogbo ohun inú rẹ̀ kúrò ni mò ń sọ o. Gíláàsì tó nípọn dáadáa ni mò ń tẹ́ sánpépà lé, màá fi kẹrosíìnì rin ín, màá wá gbé tọ́ọ̀pù lé e, màá sì máa yí i láìtẹ̀ ẹ́. Ìwúwo tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ibi tó ga á máa dán, ibi tó jin á ṣì máa dúdú, ojú rẹ̀ á fi ibi tó ti tẹ̀ hàn ọ́.

Skíìmù_Títẹ́jú

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀. Iṣẹ́ skíìmù, ìyẹn fífi ẹ̀rọ gé ojú irin kó lè tẹ́jú, ni iṣẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé tọ́ọ̀pù wá bá mi.

Lórí gíláàsì, tí tọ́ọ̀pù bá jẹ́ kìkì irin rẹ̀, tí wọ́n sì fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, mo gbà pé ó lè ṣàfihàn ibi tó ti tẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí màá sọ fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Etí ló máa ń jẹ jù, ojú á wá wú láàárín. Tí gbogbo ojú ò bá sì tẹ́jú lẹ́yìn ìyípo díẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ sánpépà mọ́. Ní ti búlọ́ọ̀kù tó ní písítìnì nínú, sánpépà ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ nọ́ńbà mélòó. Iyanrìn ara sánpépà àti eruku dísíìkì, ohun kan náà ni wọ́n lójú béárìn.

Ohun tí arákùnrin wa tó béèrè gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ó ń kúrò ní gásíkẹ́ẹ̀tì páálí bọ́ sí ti onírin. Páálí rọ̀, ó ń wọ inú ojú irin tí kò dán púpọ̀, ó sì ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ti onírin kì í dárí ji ojú irin bẹ́ẹ̀. Awọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ nìkan ló ń dí àbùkù wẹ́wẹ́ ojú irin. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ojú irin ṣe dán tó ni Ra. Fún onírin, ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni pé kí Ra má ju 50 microinch lọ, ìyẹn nǹkan bíi 1.3 máíkírómítà, àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ kó kéré sí i. Ojú tí páálí ti jókòó lé fún ọdún pípẹ́ lè má dé ibẹ̀. Èékánná ò lè sọ ìyẹn fún ọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ ló lè sọ ọ́.

Ó sì nídìí tí dídán fi ṣe pàtàkì fún tìrẹ jù. Bí ooru bá dé, alumíníọ̀mù ń gbòòrò tó bíi ìlọ́po méjì irin. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó sì tutù, tọ́ọ̀pù ń fi ara yí díẹ̀díẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, gásíkẹ́ẹ̀tì ló sì wà láàárín wọn. Ojú tó rí gbágungbàgun á fi awọ rọ́bà yẹn ṣòfò.

Lẹ́yìn tó o bá ti fọ ọ́, wọ̀n bó ṣe tẹ́jú tó. Rúlà irin tí wọ́n ṣe fún títọ́ ni kó o lò, kì í ṣe rúlà iléèwé. Dá a naró sórí ojú irin, kó o sì fi fílà géèjì (àwọn irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe nípọn tó sí lára) wò bóyá nǹkan á kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ìlà mẹ́fà ni: méjì ní gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, méjì ní ìbú lórí méjèèjì, méjì láti igun dé igun. Ṣe é fún tọ́ọ̀pù, ṣe é fún búlọ́ọ̀kù. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ rẹ ló ní ìwọ̀n tó tọ́. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kéékèèké, 0.05 mílímítà ni wọ́n ń fàyè gbà, àwọn mìíràn gba 0.1. Tẹ̀ lé ti ìwé rẹ.

Tó bá kọjá ìyẹn, gbé e lọ fún skíìmù. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀pá káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) ń jókòó sí, nítorí tọ́ọ̀pù tó tẹ̀ nísàlẹ̀ máa ń tẹ̀ lókè pẹ̀lú. Bí wọ́n bá kàn gé ìsàlẹ̀ kó tẹ́jú, ojú ìsàlẹ̀ á tọ́, ọ̀pá káàmù á sì máa há. Kí wọ́n sì wo iye tí ìwé gbà pé wọ́n lè gé kúrò, kí fáàfù má baà súnmọ́ písítìnì jù.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́_400

Mo gbọ́, ọ̀gá. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yín lórí etí tó ń jẹ jù dá mi lójú. Rúlà àti fílà géèjì ni kó kọ́kọ́ lò.

Bàbá_Spánà

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ihò bọ́ọ̀tì o. Ẹlòmíràn á fọ ojú irin bíi dígí, á wá gbàgbé ihò tí bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù ń wọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀kù, ihò wọ̀nyí ò yọ sí òdìkejì. Bí omi tàbí ọ́ìlì bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó o sì ń fún bọ́ọ̀tì, omi ò ní ibi tó máa lọ. Kì í fún pọ̀. Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀: tọ́ọ̀kì (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún bọ́ọ̀tì) á tàn ọ́ jẹ, spánà á ní bọ́ọ̀tì ti fún nígbà tí kò tíì mú tọ́ọ̀pù dáadáa, tàbí kí búlọ́ọ̀kù sán. Mo ti rí búlọ́ọ̀kù tó sán láti ìdí ihò bẹ́ẹ̀. Kò sí àtúnṣe rẹ̀ nílé.

Nítorí náà, fi bébà tó o ká mọ́ ìrin tẹ́ẹ́rẹ́ fa ohun tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà bo ihò náà pẹ̀lú aṣọ, fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, pẹ̀lú gíláàsì lójú rẹ. Ihò nìkan ni atẹ́gùn wà fún o, kì í ṣe ojú búlọ́ọ̀kù, àwọn ihò tó kù gbọ́dọ̀ ṣì wà ní dídí. Ti ìdọ̀tí inú ìlà bọ́ọ̀tì, má lo táàpù tí wọ́n fi ń gé ìlà tuntun, ó ń gé irin tó dáa kúrò. Thread chaser, ohun tó ń fọ ìlà bọ́ọ̀tì láìgé irin, ni kó o wá. Tí kò bá sí, mú bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, fi ayùn irin la ojú ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta sí ìlà rẹ̀ ní òòró, fá gbogbo ẹnu mímú tó wà lójú lílà náà, kó o sì fi ọwọ́ yí i wọlé pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀. Ìdọ̀tí á bọ́ sínú àwọn ojú lílà yẹn. Fọ ọ́ìlì náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Wò ó nínú ìwé pẹ̀lú bóyá bọ́ọ̀tì rẹ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fún pẹ̀lú ìwọ̀n igun lẹ́yìn tọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ irú wọn ń fà gùn díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fún un, wọn kì í sì í lò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Fọṣọ_Funfun

Ti arákùnrin wa ṣì wà nínú ọkọ̀, àmọ́ ẹlòmíràn á ka èyí tó ti tú búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ pátápátá. Fún ẹni bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ti hóònù sìlíńdà (ìyẹn fífi òkúta ìpọ́n họ ara inú rẹ̀), kẹrosíìnì àti tínà ò lè yọ iyanrìn hóònù. Wọ́n ń kó ọ̀rá lọ, iyanrìn á sì jókòó sínú àwọn ìlà tí hóònù là. Omi gbígbóná, ọṣẹ ìfọṣọ àti burọ́ọ̀ṣì ló ń gbé e jáde. Tú àwọn ìdérí tó wà ní ìpẹ̀kun ihò ọ́ìlì, fi burọ́ọ̀ṣì gígùn gba inú wọn láti ẹnu kan dé èkejì, kó o sì dà omi gbígbóná sí i.

Fi aṣọ funfun nu inú sìlíńdà. Tó bá ní eérú, tún fọ̀ ọ́. Bí aṣọ funfun bá ti jáde ní funfun, gbẹ ẹ́ kíá, má sì lọ jẹun, má lọ gba fóònù. Irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ń dípẹtà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ń pọ́n lójú rẹ báyìí. Kí ọ́ìlì ti wà lọ́wọ́ rẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, fi aṣọ mìíràn tó ní ọ́ìlì jíà ọtomátíìkì pa inú sìlíńdà, nu ún: á tún gbé eérú kékeré kan jáde tí ọṣẹ fi sílẹ̀. Máa nù títí kò fi sí mọ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fi atẹ́gùn àti yanrìn gíláàsì fọ tọ́ọ̀pù: mi ò ní gbà á níyànjú. Hóró gíláàsì ń wọ ihò ọ́ìlì, kì í sì í fẹ́ jáde. Tó bá pọn dandan, kó jẹ́ oní-sódà tó rọ̀, irú sódà tó ń yọ́ nínú omi, kí wọ́n sì fi omi gbígbóná ṣàn án dáadáa.

Ọmọ_Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ẹ kú àdúrótì o. Mo ti fá ojú búlọ́ọ̀kù, bí Atọ́jú_Irin ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni abẹ náà ṣe ń dún. Fílà géèjì 0.05 ò wọ abẹ́ rúlà níbikíbi lórí búlọ́ọ̀kù. Àmì dúdú ṣì wà yíká sìlíńdà ìkẹta, èékánná mi ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Tọ́ọ̀pù ló ní ìṣòro. Ihò omi méjì ni ìpẹtà ti jẹ etí wọn, ó ní ihò wẹ́wẹ́. Ọ̀kan jìnnà sí sìlíńdà. Èkejì ti jẹ dé abẹ́ ibi tí òrùka iná gásíkẹ́ẹ̀tì máa jókòó sí, láàárín sìlíńdà kejì àti ìkẹta. Èékánná ń kọ́ níbẹ̀. Fílà géèjì 0.05 náà sì ń kọjá lábẹ́ rúlà ní àárín.

Skíìmù_Títẹ́jú

O ti rí ohun tó jó gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ. Ti àkọ́kọ́, bí àyè tó gbòòrò bá ṣì wà láàárín ihò wẹ́wẹ́ yẹn àti òrùka, tí gásíkẹ́ẹ̀tì sì lè bò ó dáadáa, kò ní ṣe nǹkan. Ti èkejì ò ṣe é fi sílẹ̀, má sì fi ìpara epoxy dí i. Òrùka yẹn ló ń gba ìlùkìkì iná, epoxy ò lè dúró níbẹ̀. Gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìfúnpá omi tàbí atẹ́gùn dán tọ́ọ̀pù wò fún sísán, torí láàárín sìlíńdà méjì ló sábà ń sán sí. Tó bá yè, kí wọ́n wo bóyá skíìmù tí ìwé gbà á pa ihò wẹ́wẹ́ yẹn rẹ́. Tí ihò náà bá jìn ju ìyẹn lọ, wẹ́dà alumíníọ̀mù ni, lẹ́yìn náà skíìmù. Sọ fún wọn pé gásíkẹ́ẹ̀tì onírin ni, kí wọ́n lè mọ ojú tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún ọ.

Màmá_Ẹ́ńjìnnì

Nígbà tó bá sì padà dé, má gbà pé ó mọ́ nítorí pé ó ń dán. Eérú skíìmù ti wọ gbogbo ihò rẹ̀. Omi gbígbóná, ọṣẹ, burọ́ọ̀ṣì nínú gbogbo ihò ọ́ìlì, kó o sì fi atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Orí tábìlì ni tọ́ọ̀pù wà, kò sí béárìn kíráńkì lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà o lè fi kọ́ḿpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ dáadáa níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tó o fẹ́ dé e, yọ gbogbo bébà tó o fi dí búlọ́ọ̀kù, kí iye wọn pé. Yọ aṣọ orí písítìnì, fi bébà nu gírísì pẹ̀lú gbogbo ohun tó dì mú, láti etí wá sí àárín. Yí kíráńkì díẹ̀ kí písítìnì sọ̀ kalẹ̀, nu ìlà gírísì tó bá kù lára sìlíńdà, kó o fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ pa á.

Wá fi acetone tàbí brake cleaner tí kò ní kiloríìnì rin aṣọ tí kì í já fọ́nrán, nu ojú méjèèjì. Aṣọ ni kó o rin, má fọ́n ọn sórí búlọ́ọ̀kù, kó má baà fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Yí aṣọ padà títí á fi jáde ní mímọ́. Láti ìgbà yẹn, ìka ọwọ́ rẹ ò gbọ́dọ̀ kan ojú náà mọ́, torí ọ̀rá ìka pàápàá kò dára lábẹ́ awọ rọ́bà yẹn. Gásíkẹ́ẹ̀tì gbẹ ni, kò sí sílíkóònù, kò sí gírísì, àyàfi ibi tí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ. Mú un ní etí, wo ẹ̀gbẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọjú sókè, gbé e lé àwọn píìnì atọ́nà, kó o sì gbé tọ́ọ̀pù sọ̀ kalẹ̀ tààrà láìfi wọ́ ọ.

Atọ́jú_Irin

Kí n fi èyí kún un. Ọ́ìlì àkọ́kọ́ tó o bá dà sí i, má wakọ̀ lọ jìnnà pẹ̀lú rẹ̀. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dé ibi tó yẹ, wo bóyá omi tàbí ọ́ìlì ń jò níbikíbi, pa á, kó o da ọ́ìlì náà nù pẹ̀lú fílítà. Gé fílítà yẹn, fa bébà inú rẹ̀ jáde, tẹ́ ẹ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Èérí dúdú rírọ̀ díẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Bó o bá fi ìka méjì ra á tó ń dún bí iyanrìn, tún ọ́ìlì àti fílítà pààrọ̀ kó o tó wakọ̀, kó o sì tún gé èyí náà wò.